Alukùn: ó yàtọ̀ sí ìrẹ̀, ó yàtọ̀ sí èsúnsún

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Orúkọ méjì ni ẹ ti dá lábàá fún kòkòrò tó máa ń han goooro lórí igi igbá lọ́sàn-án gangan, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "cicada": "ìrẹ̀ orí igi" àti "èsúnsún ńlá." Mi ò fara mọ́ ìkankan; "alukùn" ni tèmi.

Ẹni tó bá ti gbé abọ́ omi sábẹ́ iná ní Ìlọrin tàbí Ọ̀fà lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ mọ èsúnsún dáadáa. Ìyẹ́ mẹ́rin ló ní, gbogbo wọn gùn dọ́gba, kì í sì í pẹ́ tó bá balẹ̀ tí wọ́n fi máa ń já dànù. Ikán ni, tó ń lọ tẹ ọ̀gán tuntun dó. Ti orí igi yìí kò ní ọ̀gán, kò ní ayaba, kò ní ọmọ ogun. Inú ilẹ̀ ló ti ń fi ọ̀pọ̀ ọdún fa omi gbòǹgbò mu, kó tó gun igi lọ bọ́ awọ. Ẹ wo èèpo igi dáadáa, ẹ ó rí awọ náà tó há mọ́ ọn, ẹ̀yìn rẹ̀ là gbọnrangandan. Ìyẹ́ tirẹ̀ kì í já, ti iwájú sì gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì ti ń jáde ló ṣì wá lọ́nà.

Ìrẹ̀ ńkọ́? Ìyẹ́ ló fi ń ha ìyẹ́ kó tó dún, ó sì ní eyín tó fi ń jẹ ewé. Ẹnu kòkòrò tiwa yìí rí bí abẹ́rẹ́ tín-ínrín tó ní ihò nínú, mímu nìkan ló mọ̀.

"Alukùn" ni mo dábàá: a + lù + ikùn. "I" já níbẹ̀ bí ti "igi" ṣe já nínú "agbẹ́gilére." Níbi tí ikùn akọ ti bẹ̀rẹ̀, awọ líle kan wà lọ́tùn-ún àti lósì. Iṣan á fà á wọlé, á tún yọ padà, bí ìdérí agolo tí a ń fi àtàǹpàkò tẹ̀. Ikùn tó ṣófo ló ń gbé ohùn náà jáde.

Ẹ lè sọ pé abo kì í sábà ní ìlù yìí. Òótọ́ ni. Kí a kọ "akọ alukùn" àti "abo alukùn," kí èyí tó ṣì wà nínú ilẹ̀ jẹ́ "ọmọ alukùn." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é ní ìdin: ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, ó sì ti ń jọ ìyá rẹ̀, àfi ìyẹ́ tí kò tíì yọ.