Ọba ṣèbé kọ́: ajejò

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìjẹta ni mo ti ń ka àríyànjiyàn yín lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ ejò ńlá ilẹ̀ Íńdíà àti Táílàǹdì nì, èyí tí òyìnbó ń pè ní "king cobra", tó ń fi ejò ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe oúnjẹ. Ẹnìkan ní ká máa pè é ní "ọba ṣèbé". Ẹlòmíràn ní "ajẹjò". Mo fẹ́ dákẹ́, ẹnu ń yún mi.

Ẹ gbé ọba kúrò ńbẹ̀ ná. Òyìnbó ló fi jọba, àwa náà wá dọ̀bálẹ̀. Ejò yìí kì í tilẹ̀ ṣe ṣèbé. Ó ń gbórí sókè, ó ń fẹ ọrùn bíi ti ṣèbé, ṣùgbọ́n ẹ̀yà tirẹ̀ yàtọ̀. Lọ́dún 2024 àwọn onímọ̀ tún pín in sí oríṣi mẹ́rin. Èwo wá ni ọba nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ní Àkúrẹ́ níbí, Déjì kan ṣoṣo la ní, ọba kì í sì í gbé ará ìlú mì. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ní èdè Gíríìkì, Ophiophagus, "ajejò" gan-an ló túmọ̀ sí.

Ajejò ni mo wí o, kì í ṣe ajẹjò. Jẹ ọba, jọba. Jẹ oyè, joyè. Jẹ ogún, jogún. Jẹ èrè, jèrè. Fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń sá wọ igbó. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní "jẹṣu ńkọ́?" Ìyẹn "i" ti iṣu ni, "i" kì í pẹ́ sá. (Jìyà ń dà mí láàmú díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.)

Ọ̀gbẹ́ni tó ní ará Àkúrẹ́ ò lè kọ́ òun ní Yorùbá àjùmọ̀lò, ọdún 31 ni mo fi di ṣọ́ọ̀kì mú. Ẹ lọ bi àwọn ọmọ tí mo kọ́.

Lóko kòkó bàbá àgbà mi lọ́nà Ìdànrè, wọ́n pa ṣèbé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń sá kòkó sí. Ìrù ejò mìíràn ṣì yọ lẹ́nu rẹ̀, kò ju ìka méjì lọ, ó ń mì díẹ̀díẹ̀. Gbogbo àwa ọmọ sá sẹ́yìn. Bàbá fi ẹ̀yìn àdá tì í, wọ́n ní, "Ìwọ yìí, ẹbí ẹ lo ń jẹ." Wọn ò pè é lọ́ba. Ṣèbé tiwa kékeré nìyẹn o. Ti ọ̀hún lè gùn ju mítà 5 lọ.

Àwọn àgbà ní bí paramọ́lẹ̀ bá ṣáájú, tí ọ̀ká tẹ̀lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Ó dára, a ti rí ẹni tí yóò dúró: ajejò ni, ebi ló ń pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ ní erè àti òjòlá kì í ṣe ọ̀kan náà, mo ń bọ̀ wá bá yín lọ́tọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, àmì ohùn. Àná lẹnìkan kọ "ajejo" lásán, mo ka ìlà mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ń jẹ́jọ́ ní kóòtù ló ń sọ.