Oṣù márùn-ún rèé ní Dodoma, ẹnikẹ́ni kò tíì yà kí wa nílé

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin ará. Ìjọ wa rán ọkọ mi wá wàásù ní abúlé kan lẹ́bàá Dodoma, ní Tanzania. Ògbufọ̀ ló ń bá a túmọ̀. Àwọn èèyàn ń wá jọ́sìn o, ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, oníkálùkù ti gba ilé rẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ìyá pè mí sí àdúrà, wọ́n ní "saa tatu" ní Kiswahili. Mo mọ̀ pé tatu ni ẹẹ́ta, mo bá dé bẹ̀ láago mẹ́ta ọ̀sán. Ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Mo sunkún délé. Ọkọ mi ní ká ṣe sùúrù, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé a ti ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá wa. Mo gbé Arusha ní Tanzania níbẹ̀ rí, ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń ka aago tiwọn. Aago méje àárọ̀ ni saa moja, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sì ni saa tatu. Àwọn ìyá yẹn ti dúró dè yín títí ni. Ẹ tètè lọ bẹ̀ wọ́n. "Shikamoo" ni kí ẹ fi kí èyí tó bá jù yín lọ, á dáhùn "Marahaba". Ẹnu ni wọ́n fi ń kúnlẹ̀ níbẹ̀.

Alàgbà: Ẹ bá mi tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọkọ yín, sùúrù nìkan kò tó. Bí ògbufọ̀ bá relé, ta ni yóò bá yín sọ̀rọ̀? Ẹ kọ́ Kiswahili lójoojúmọ́. Bí abúlé Wagogo, ìyẹn ẹ̀yà ìbílẹ̀ agbègbè Dodoma, bá ni, ẹ kọ́ ìkíni ní Cigogo, èdè wọn, pẹ̀lú, torí òun ni wọ́n ń sọ nídìí ààrò.

Ìyàwó Pásítọ̀: Ẹ̀yin ńkọ́, ilé ta lẹ ti lọ? Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ ké "Hodi!" bí àwa ṣe ń ké àgò. Tí wọ́n bá ti ní "Karibu", ẹ wọlé. Bí wọ́n bá gbé ugali, òkèlè tiwọn, àti mlenda, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wọn, síwájú yín, ẹ jẹ ẹ́ dáadáa. Mlenda ń yọ̀ bí ewédú, ọ̀fun yín ò ní kọ̀ ọ́.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. N kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n dúró dè. Ìyá àgbà kan ló ń darí àdúrà yẹn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ lọ́la, ní saa mbili, ìyẹn aago mẹ́jọ àárọ̀.