Kóńgò màmá àgbà

Ọmọ-ọmọ Oní-gàrí:
Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kóńgò kan ni mo fẹ́ sọ, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Màmá àgbà tó bí màmá mi, gàrí ló tà títí ọlọ́jọ́ fi dé, ní Òkè-Àjé ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ẹni tó bá mọ gàrí Ìjẹ̀bú á mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ, wàá bó ẹ̀gẹ́, wàá fọ̀ ọ́, wàá gbé e lọ ẹ̀rọ kí wọ́n lọ̀ ọ́, wàá rọ ọ́ sápò kí o gbé òkúta ńlá tàbí jáàkì lé e lórí, ó lè tó ọjọ́ 4 tàbí 5 kó tó kan bó ṣe yẹ, torí kíkan yẹn gan-an làwọn èèyàn ń torí ẹ̀ rà á, kò sì sí epo nínú ẹ̀ rárá, kó o tó wá sẹ́ ẹ kó o wá jókòó ti agbada tí èéfín á máa ta ẹ́ lójú. Ẹni tó jìyà báyẹn tán tó tún wá ń fi gàrí ṣe ènì, ojú ẹ̀ là sí nǹkan tó ń ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń nájà ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí kóńgò. Wọ́n á lu ìdí ẹ̀ wọnú, á kún lójú ẹ, kó o délé kó o wá rí i pé kò tó nǹkan. Ti màmá tẹ́ pẹrẹsẹ bó ṣe rí lọ́jọ́ tó rà á. Á bu gàrí sí i, á gbọ̀n ọ́n kó wọlẹ̀, á tún bu sí i títí á fi ga bí òkè, tó bá dà á sí ọ̀rá oníbàárà tán á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Mo ṣì wà ní pámárì nígbà tí mo bi í pé màmá, ṣé ẹ ò ní jẹ gbèsè báyìí? Ó ní kí n mú Bíbélì òun wá. Kò mọ̀wé kà o, àmọ́ ó mọ ojú ibi tó wà, Lúùkù 6:38, ó ní kí n kà á sókè. Òṣùwọ̀n dáradára, àkìmọ́lẹ̀, àmìpọ̀, àkúnwọ́sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé o gbọ́? Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ ọjà."

Wọ́n ní ahun làwa Ìjẹ̀bú. Ẹ lọ bi àwọn tó ra gàrí lọ́wọ́ màmá.

Ó tún ń tà láwìn. Èédú ló fi ń fàlà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun nìkan ló mọ ìlà ta ni ta ni. Nígbà tó kú, ìlà yẹn lé ní 40, ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin wò ó títí, kò mọ ẹni tó fẹ́ lọ sìn lówó. Èèyàn 3 ló dá wá fúnra wọn. Ọ̀kan ní kóńgò 6 lòun jẹ màmá, ó kà á sílẹ̀ kóńgò kóńgò. Àwọn yòókù ò wá o, kí n má parọ́. Wọ́n kun ilẹ̀kùn náà nígbà ìsìnkú.

Ará Ṣàgámù:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrántí màmá. Tèmi korò díẹ̀. Obì ni bàbá mi ń ṣe, gbànja, àwọn Hausa á wá kó o láti Sábó lọ sókè Ọya. Owó wà. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni alága, tó bá débẹ̀ á máa náwó bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìyẹ, wọ́n á pe orúkọ, ìlù á dún. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n lé èmi àti àbúrò mi wálé nítorí owó ilé ìwé. Aṣọ òkè ìgbéyàwó màmá mi ni wọ́n tà tá a fi padà.

Ẹ ka 1 Tímótì 5:8, ó ní ẹni tí kò bá pèsè fún ará ilé ẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́. Mi ò ní kéèyàn má náwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibi téèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni mò ń sọ. Èmi àtìyàwó mi, tówó oṣù bá wọlé, owó ilé ìwé làkọ́kọ́, ìdámẹ́wàá tẹ̀ lé e (pásítọ̀ wa ò gbọdọ̀ gbọ́ pé ó ṣìkejì o), owó kékeré kan wá wà tó jẹ́ àwọn ọmọ ló ń sọ ẹni tá a máa fún. Lóṣù tó kọjá wọ́n ní fọgánáísà ìkòríta wa, pé ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà ti bàjẹ́. Mò ń kọjá níwájú ọkùnrin yẹn lójoojúmọ́, mi ò rí i.

Tísà Ìpẹru:
Hmm. Èmi ò lówó, lẹ́sìnnì ọ̀fẹ́ ni mò ń ṣe fáwọn ọmọ àdúgbò lẹ́yìn ilé ìwé, ọmọ mi ọkùnrin ti ń bá mi kọ́ àwọn kéékèèké. Ẹ dákun, kóńgò yẹn dà?

Ọmọ-ọmọ Oní-gàrí:
Ará Ṣàgámù, ọ̀rọ̀ yín mú mi rántí ike aláwọ̀ búlúù kan. Kí màmá tó gbé gàrí lọ ọjà, á kọ́kọ́ bu tilé síbẹ̀, ó dé e, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tà á, kódà nígbà tí gàrí gbówó lórí. Mi ò ka ike yẹn sí rí.

Tísà, kóńgò wà lọ́dọ̀ màmá mi, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń du ilẹ̀, òun ló mú. Ó ti dípẹtà létí, ìrẹsì ló fi ń wọ̀n báyìí. Ọmọ mi obìnrin lọ lo họ́lídè níbẹ̀, ọmọ ọdún 9. Nígbà tó dé, mo ní kó bu gàrí agolo mílíìkì kan fún ìyá tó wà ní yàrá kejì sí wa. Mo wà nínú ilé ni mo ń gbọ́ pó, pó, pó. Mo yọjú. Ó ń gbá ara agolo kó wọlẹ̀ dáadáa kó lè tún bu sí i. Gàrí wa ọ̀hún ò sì pọ̀ lọ́jọ́ yẹn o. Mo lanu kí n sọ̀rọ̀, mo tún pa á dé.