Ègùn irin tí bàbá mi fi sílẹ̀, kí ni mo lè fi ṣe tí ò ní pa ẹnì kankan?

ỌmọỌdẹ_ÒdeRẹ́mọ:
Ẹ kú ilé o. Ọdẹ ni bàbá mi, wọ́n papòdà lọ́dún èṣí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi ègùn irin méjì, ohun tí ọdẹ ń gùn jókòó lórí igi ṣọ́ ẹran, ránṣẹ́ sí wọn nígbà kan, ó kó o sínú mọ́tò tó ń kó bọ̀ wálé. Ọ̀kan jẹ́ alákàbà, àkàbà gígùn tí àga wà lókè ẹ̀ tí wọ́n máa ń fi ti igi, ẹsẹ̀ bàtà 15. Ìkejì, àga lásán ni àti ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, bẹ́líìtì ni wọ́n fi ń dè é mọ́ igi. Bàbá ò lo ìkejì yẹn rí, wọ́n ní irú ọdẹ wo ló ń jókòó sórí igi bí ẹni wọ bọ́ọ̀sì lọ Ṣágámù. Èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn fi pákó kàn sórí igi obì lóko ni wọ́n fẹ́ràn.

Ní báyìí irin yẹn wà lẹ́yìnkùlé, òjò ń pa á, ìtàkùn ti ń gùn ún. Oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, iye tó pè ò lè ra kóńgò gàrí méjì, màmá mi lé e síta pé nǹkan ọkọ òun kì í ṣe pàǹtí. Ìyàwó mi ní ká gbé tánkì omi lé e, àbúrò mi ní ká fi ṣe ilé ìṣeré fún àwọn ọmọ nídìí máńgòrò, èmi ṣáà ń wò wọ́n ni. Owó ò sí nílẹ̀ o, ẹ má ní kí n lọ ra irin tuntun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ dá sí i jọ̀ọ́.

Wẹ́dà_Ìjẹ̀búÒde:
Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó yín pé tánkì kọ́ o! Ẹ wo ara irin yẹn dáadáa, wọ́n sábà máa ń lẹ bébà kan mọ́ ọn tó sọ iye tó lè gbé, 300 pọ́n-ùn ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn, ìyẹn bíi kílò 136. Èèyàn kan, ìbọn ẹ̀ àti àpò ẹ̀, ó tán. Omi lítà kan, kílò kan ni. Tánkì kékeré tó ń gba lítà 500, ó ti ju ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ lọ, a ò tíì ka tánkì fúnra ẹ̀. Alákàbà yẹn kì í sì í dá dúró, igi tó fara tì ló ń gbé e ró, ẹ gbé e sí gbangba kẹ́ ẹ wá gbé ẹrù lé e lórí, ọjọ́ tó bá dojú bolẹ̀ kí Ọlọ́run má jẹ́ kọ́mọ wà nísàlẹ̀.

Ìpẹtà tẹ́ ẹ fojú rí kọ́ ni wàhálà, tinú páìpù ni. Omi òjò máa ń gba ojú ihò bọ́ọ̀tù wọlé, kò ríbi jáde, inú lọ́hùn-ún ni á ti máa jẹ ẹ́ bọ̀. Ẹnì kan gbé àkàbà irin wá fún mi rí, kùn ara ẹ̀ ń dán gbinrin, bí mo ṣe gé e báyìí, ohun tó dà sílẹ̀ nínú páìpù yẹn bí ẹni tú èlùbọ́ ni, pupa rúsúrúsú. Ẹ mú hámà kékeré, ẹ máa fi gbá a díẹ̀díẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó bá dún bí agogo ṣì dáa, ibi tó bá dún bùtù bí igbá tó ti sán, ẹ fi ìṣó gún ibẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ni kẹ́ ẹ wò jù, àti ìdí ẹsẹ̀ tó ń kanlẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ ní kí wẹ́dà kọ́kọ́ ha kùn ojú ibẹ̀ kúrò, kó sì ṣe é níta gbangba. Bó bá wá jẹ́ irin tí wọ́n fi síńkì bọ̀, èéfín funfun ara ẹ̀ máa ń dá ibà síni lára tó bá dalẹ́. Èmi ti jẹ̀yà ẹ̀ rí, òtútù mú mi títí ilẹ̀ fi mọ́.

ÌyáOnígàrí_Ìjẹ̀búIgbó:
Ẹ kú iṣẹ́ o wẹ́dà. Mo ní irú àga yẹn, ti ọkọ mi ni. Ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ tó rí bí àwọ̀n yẹn, mo ní ha, ibi tó yẹ kí n gbé àpò gàrí lé nìyí kí omi ẹ̀ lè máa ro, ẹ sá mọ̀ pé gàrí tiwa kì í ṣe ti òní rọ ọ̀la yan, ó gbọ́dọ̀ kan. Mo to òkúta lé e. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí mo gbé àpò kúrò, gbogbo ojú àwọ̀n yẹn ti tẹ̀ sídìí àpò, pupa, bí ẹni fi epo tẹ̀ ẹ́. Omi kíkan yẹn ti bó kùn, ó ti wọ ara irin. Mo da gbogbo ẹ̀ nù, ó dùn mí dé egungun. Torí náà ẹ má fi kan ohun tẹ́nu máa jẹ.

Àga yẹn ṣì wúlò fún mi ṣá. Ọmọ mi ní kí wọ́n jó ẹsẹ̀ mẹ́rin mọ́ ọn, kò ga ju orúnkún lọ, orí ẹ̀ ni mò ń jókòó sí yan gàrí báyìí, ẹ̀yìn tó ń dùn mí ti dín kù. Tiyín tó jẹ́ alákàbà, bó bá jẹ́ àtopọ̀, ẹ tú u sí mẹ́ta kẹ́ ẹ fi ṣe ọ̀pá ewùrà, ẹ ri ìdí ẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa kí atẹ́gùn má gbé e. Ìtàkùn ewùrà fẹ́ràn ibi tó ti máa rí nǹkan dì mú. Ẹ ò ní wọ igbó wá ọ̀pá lọ́dọọdún, ìkọ́kọrẹ́ á sì délé.

Aṣọ́gbó_J4:
Èmi ti fi ìbọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo gun ègùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bẹ́líìtì yẹn, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ tó jù ú nù, kí ẹlòmíì má baà he é. Oòrùn ló ń pa á, ẹ máa rò pé ó ṣì le, ẹ fi èékánná ha á wò, á máa tú bí òwú. Àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn, ọ̀pọ̀ wọn ló ní kéèyàn máa pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Igi náà sì ń sanra, bẹ́ ẹ bá dè é mọ́ igi lọ́dún mẹ́rin márùn-ún láìtú u, igi á fà á títí á fi já.

Ilé ìṣeré ọmọdé, rárá o. Àgbà ọdẹ gan-an ń ṣubú níbẹ̀, àgàgà níbi tó ti ń bọ́ sórí àga tàbí tó ń bọ́ sórí àkàbà padà, òun sì rèé, ó yẹ kó so okùn mọ́ gbogbo ara. Ọmọ ọdún mẹ́fà wo ló máa so okùn?

Ohun tẹ́nì kankan ò tíì sọ ni ègùn onípákó tó wà lórí igi obì yẹn. Ẹ lọ tú u kó tó di pé ọmọ tó ń wá obì gùn ún. Ìṣó tí èèpo igi bá ti gbé mì, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ kàn fi kùn ṣàmì sára igi níbẹ̀, torí lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá fẹ́ gé igi yẹn, bí ṣéènì ẹ̀rọ bá pàdé ìṣó, ó lè já fò lu ẹni tó mú un dání. Àwọn onísọ́ọ̀mìlì mọ̀ ọ́n, wọn kì í fẹ́ fojú kan irú igi bẹ́ẹ̀.

Olóyin_Ìkẹ́nnẹ́:
Mo fi tèmi gbé ilé oyin, ẹyọ kan péré, ó ga tó ìbàdí. Mo ti ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ agolo tí mo bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò sí, ìjàlọ ò rọ́nà gùn ún mọ́. Ẹ bo agolo yẹn kí òjò má baà kún un.

ỌmọỌdẹ_ÒdeRẹ́mọ:
Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Mo lọ mú hámà láàárọ̀ yìí. Òkè dún, àárín dún, nígbà tí mo dé àtẹ̀gùn kẹta láti ìsàlẹ̀, bùtù. Mo fi ìṣó ti í, ẹ gbà mí gbọ́, ó wọlé bí ìgbà téèyàn fi igi gún dòdò, omi dúdú sì ń ro jáde níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni àbúrò mi gùn ún lọ já máńgòrò. Mo pè é kó wá fojú ara ẹ̀ rí i, kò sọ̀rọ̀ kankan, kò sì dárúkọ ilé ìṣeré mọ́.

Ìsàlẹ̀ yẹn á lọ fún oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù, mo ti bá màmá sọ ọ́. Méjì tó kù á di ọ̀pá ewùrà. Bẹ́líìtì ti di wẹ́wẹ́. Tó bá di Sátidé mo máa lọ tú pákó orí igi obì. Màmá ló fẹ́ àga yẹn, wọ́n ní àwọn á máa jókòó lé e níwájú ṣọ́ọ̀bù. Wẹ́dà, èló lẹ máa gbà fún ẹsẹ̀ mẹ́rin tí kò ga ju orúnkún lọ? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pe iye ọmọ Ìjẹ̀bú fún mi o, Rẹ́mọ ni mí.