Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: fúláwà míìtì páì tí kò ní í le, tí kò sì ní í ya

Ìyá Mòrẹ́, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà inú ilé ìdáná. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Ilé ìwé àwọn ọmọ mi fẹ́ ṣe ayẹyẹ ìparí ọdún, èmi ni wọ́n sì gbé míìtì páì lé lọ́wọ́. Ẹran inú rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu, ara rẹ̀ ni. Bí mo bá ti ṣẹ́ ẹ po láti pa á dé, ojú ìṣẹ́po á ya, omi ẹran á sì máa ṣàn jáde nínú ààrò. Èyí tí kò bá ya, kó tó di ìrọ̀lẹ́ á ti le débi pé ọmọdé kò ní í lè gé e jẹ.

Fúláwà búrẹ́dì tí wọ́n ń fi kọ́ńgò wọ̀n ní ọjà Kútọ̀ ni mò ń lò, pẹ̀lú bọ́tà inú ike tí a fi ń pa búrẹ́dì. Ẹ jọ̀ọ́, irú fúláwà wo ló yẹ? Irú bọ́tà wo? Ṣé dandan ni ẹyin? Ṣé mo lè pò ó sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú? Ààrò gáàsì ni mo ní, àmọ́ kò sí òǹkà ìgbóná lára rẹ̀.

Alásè Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ìyá Mòrẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ gùn díẹ̀.

Ọ̀dọ̀ fúláwà yẹn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Fúláwà búrẹ́dì ní purotéènì púpọ̀, nǹkan bíi gíráàmù 11 sí 13 nínú gíráàmù 100. Bí omi bá ti kàn án, tí ọwọ́ sì ń pò ó, purotéènì yẹn á so pọ̀ di ohun tí wọ́n ń pè ní gluten. Òun ló ń mú kí búrẹ́dì wú kó sì máa fà. Ohun tó gbé búrẹ́dì ró yìí náà ló ń sọ páì di líle. Ẹ wá fúláwà tí wọ́n kọ sí lára pé ti kéèkì àti páì ni, tàbí èyí tí purotéènì rẹ̀ kò ju gíráàmù 9 tàbí 10 lọ. Ẹ ka ẹ̀yìn àpò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ó máa ń wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ti búrẹ́dì nìkan lẹ rí, ẹ bu ṣíbí ńlá méjì kúrò nínú ife fúláwà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi kọ́ọ̀nfúláwà rọ́pò rẹ̀.

Ìwọ̀n tí mò ń lò kò yí padà: fúláwà gíráàmù 500, bọ́tà gíráàmù 250, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, ṣúgà ṣíbí tíì kan, béékìn páúdà ṣíbí tíì kan, omi tútù bíi mìlílítà 100 sí 120. Ẹ ò rí i pé ìdajì fúláwà ni bọ́tà. Bí ẹ ò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ ra fúláwà onílọ́ọ̀rá kílò kan, kí ẹ pín in sí méjì ọgbọọgba, kí ẹ wá ra bọ́tà onípáálí gíráàmù 250 kan fún ìdajì kọ̀ọ̀kan. Kọ́ńgò kì í ṣe ohun tí a fi ń wọn páì, nítorí bí ọlọ́jà bá kì í mọ́lẹ̀ lónìí, ó lè dà á wéréwéré lọ́la.

Ẹ jọ fúláwà, ẹ gé bọ́tà tó tutù dáadáa sí i. Orí ìka ni kí ẹ fi rún un, ẹ má lo àtẹ́lẹwọ́, ó gbóná jù. Ẹ máa bù ú sókè kó máa já bọ́ padà sínú abọ́. Nígbà tó bá rí hóró-hóró bíi gàrí tí kò kúná, ẹ dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá ṣì rí ẹyọ bọ́tà kéékèèké níbẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Nínú ààrò ni wọ́n á ti yọ́, omi inú wọn á di ooru, ààyè tí wọ́n wà á sì ṣófo. Ibẹ̀ ni páì ti ń rí ara tó máa ń rún lẹ́nu.

Ẹ wá máa ta omi yìnyín sí i, ṣíbí kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ máa fi ọ̀bẹ rò ó. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan kí ẹ fún un. Bó bá dúró pọ̀ láìfọ́, omi ti tó. Bó bá fọ́, ẹ fi ṣíbí kan sí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ má pò ó mọ́! Ẹ kó o jọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ fi lọ́ọ̀rá wé e, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán. Ìsinmi yẹn ló ń jẹ́ kí gluten dẹ̀, kó má bàa máa sún kì nígbà tí ẹ bá ń yí igi lé e lórí.

Ní ti yíya, ohun mẹ́ta ló máa ń fà á: omi tí kò tó, fúláwà tí a tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jù, tàbí èyí tí a yọ nínú fíríìjì tí a sì ṣẹ́ po lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà níta fún bí ìṣẹ́jú 10 kí ó rọ̀ díẹ̀. Kí nínípọn rẹ̀ tó mìlímítà 3 sí 4. Ẹyin kò pọn dandan nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ ni kí ẹ fi í pa.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Alásè, ẹ ṣeun gan-an. Gbogbo rẹ̀ ni mo fara mọ́ àyàfi béékìn páúdà. Páì kì í ṣe kéèkì. Bí bọ́tà bá pé, tí ọwọ́ kò sì pọ̀ níbẹ̀, kò sí ohun tí béékìn páúdà ń ṣe ju kó mú etí rẹ̀ wú, kí àpẹẹrẹ fọ́ọ̀kì tí a fi tẹ̀ ẹ́ pa rẹ́.

Ìyá Mòrẹ́, ẹ fi bọ́tà inú ike yẹn sílẹ̀ fún búrẹ́dì. Wọ́n ṣe é kó lè rọ̀ ni, òróró tó ń ṣàn pọ̀ nínú rẹ̀, omi inú àwọn kan sì pọ̀ gan-an. Omi yẹn á jí gluten, ẹ ó sì máa rò pé fúláwà ló burú. Ẹ ra èyí tó jẹ́ bulọ́ọ̀kù tàbí onípáálí, tí wọ́n ṣe fún yíyan nǹkan, kí ọ̀rá rẹ̀ tó 80 nínú 100. Bọ́tà tí wọ́n fi mílíìkì màlúù ṣe dùn jù ú lọ, àmọ́ bíi dígírì 32 sí 35 ló ti ń yọ́. Ilé ìdáná wa ní Èkó kì í jìnnà sí ìyẹn lọ́sàn-án. Bọ́tà ìyannǹkan ń fara da ooru jù ú lọ. Bó bá jẹ́ ti màlúù lẹ fẹ́ lò dandan, aago márùn-ún ìdájí ni kí ẹ dìde sí i.

Alásè Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó, mo gbọ́ yín. Àmọ́ páì tí àwọn ọmọ máa jẹ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún là ń sọ, kì í ṣe èyí tó ń jáde nínú ààrò bọ́ sẹ́nu. Béékìn páúdà díẹ̀ ń jẹ́ kó rọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Míìtì páì tí àwa èèyàn Nàìjíríà mọ̀, èyí tí Mr Bigg's tí UAC dá sílẹ̀ ní 1986 sọ di ohun tí gbogbo ọmọ ń béèrè ní òpin ọ̀sẹ̀, ara rẹ̀ kì í gbẹ fúúfúú. Ó nípọn, ó sì rọ̀. Ohun tí àwọn ọmọ yìí ń retí nìyẹn.

Abíkẹ́ Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú àárọ̀ o. Fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa níbí: ẹ ra èyí tí wọ́n kọ «plain flour» sí. Èyí tí wọ́n kọ «self-raising» sí ti ní béékìn páúdà nínú tẹ́lẹ̀, ẹ má tún fi òmíràn sí i. «Gas mark 5» lára ààrò gáàsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni dígírì 190, ibẹ̀ sì ni páì ń fẹ́.

Mo fẹ́ gbèjà fúláwà búrẹ́dì díẹ̀. Àwọn ará Cornwall, tí páì wọn tí à ń pè ní Cornish pasty gba ààbò orúkọ lọ́dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2011, fúláwà búrẹ́dì gan-an ni wọ́n ń lò. Wọ́n ń fẹ́ kí ara rẹ̀ lágbára, torí tútù ni ẹran àti pòtétò ń wọ inú rẹ̀, inú ààrò ni wọ́n ti ń jinná, kò sì gbọdọ̀ ya. Wọ́n ń pò ó dáadáa ni, ọ̀rá inú rẹ̀ kò tó ti míìtì páì wa, wọ́n sì ń jẹ́ kó sinmi nínú fíríìjì fún wákàtí mẹ́ta. Ìyá Mòrẹ́, bó bá jẹ́ fúláwà Kútọ̀ yẹn nìkan lẹ rí, ẹ má sọ̀rètí nù. Ẹ pò ó lálẹ́, kó sinmi di àárọ̀. Ìyẹn sì dáhùn ìbéèrè yín kan: bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé pò sílẹ̀, àní ó tilẹ̀ ń dára sí i.

Ìyá Mòrẹ́, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Olúwa á bù kún ọwọ́ yín. Ohun kan ló kù: iná. Àdúgbò wa lè wà láìníná látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí fíríìjì bá kọ̀, kí ni kí n ṣe?

Màmá Ṣàgámù

Ọmọ mi, ẹ ra yìnyín lọ́dọ̀ àwọn olómi tútù, kí ẹ kó o sínú kúlà, kí ẹ gbé fúláwà pípò tí ẹ ti fi lọ́ọ̀rá wé dáadáa lé e. Bí ẹ bá dé e pa, ó ń tutù ju fíríìjì mìíràn lọ. Ẹ gbé abọ́ àti fúláwà fúnra rẹ̀ sí i náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà tí kò fẹ́ tútù rárá. Ẹ fi gíráàmù 175 bọ́tà sínú mìlílítà 200 omi lórí iná. Bó bá hó, ẹ dà á sórí fúláwà gíráàmù 500 tó ti níyọ̀, kí ẹ fi ṣíbí onígi rò ó kíákíá. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ tẹ́ ẹ kí ẹ sì di ẹran sí i, torí bó bá tutù pátá á máa ya. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe páì ẹlẹ́dẹ̀ Melton Mowbray ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni tiwọn. Èmi ò jẹ ẹ́, bọ́tà wa ń ṣe é dáadáa.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Òótọ́ ni Màmá sọ, páì tó ń dá dúró fúnra rẹ̀ láìlo agolo ni irú fúláwà yẹn yẹ fún. Ṣùgbọ́n ó máa ń le ju ti tútù lọ. Fún àwọn ọmọdé, kúlà ni kí ẹ mú.

Onípáì Òṣogbo

Kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyá Mòrẹ́ ní omi ẹran ń ṣàn jáde. Omi kò yẹ kó wà níbẹ̀ láti ṣàn. Bí ẹran lílọ̀, pòtétò àti kárọ́ọ̀tì bá ti jinná, ẹ po fúláwà ṣíbí méjì mọ́ omi tútù díẹ̀, ẹ dà á sí i, kí ẹ máa rò ó títí á fi ki. Bí ẹ bá fi ṣíbí la àárín ìkòkò, kí omi má ṣàn dí ojú ọ̀nà yẹn. Lẹ́yìn náà, kó tutù pátápátá. Ẹran gbígbóná ń yọ́ bọ́tà inú fúláwà kí ẹ tó pa á dé, bí ẹ tilẹ̀ pò ó bí áńgẹ́lì, á ya.

Ẹ má kún un jù. Ṣíbí ńlá kan àbọ̀ tó fún òbìrìkìtì tí fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12. Omi tàbí funfun ẹyin létí, fọ́ọ̀kì yí ká, kí ẹ sì gún ihò méjì sórí kí ooru lè rí ọ̀nà jáde.

Tọ́lá Àkúrẹ́

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ṣé fúláwà kan náà ni mo lè fi ṣe táàtì àgbọn? Ìdí tèmi kì í gbẹ.

Abíkẹ́ Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Àbúrò, ẹ yọ béékìn páúdà kúrò, kí ẹ fi ṣúgà lẹ́búlẹ́bú gíráàmù 50 àti pupa ẹyin kan sí fúláwà gíráàmù 250 àti bọ́tà gíráàmù 125. Ẹ tẹ́ ẹ sínú agolo, ẹ gún un ní fọ́ọ̀kì káàkiri, kó tutù. Ẹ tẹ́ bébà ìyannǹkan lé e, kí ẹ da ẹ̀wà gbígbẹ kún inú rẹ̀. Ẹ yan án bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ní dígírì 190, kí ẹ kó ẹ̀wà àti bébà kúrò, kí ẹ tún dá a padà fún ìṣẹ́jú 5 sí 8 títí ìdí rẹ̀ á fi gbẹ. Ìgbà náà ni kí ẹ tó da àgbọn sí i. Ẹ tọ́jú ẹ̀wà yẹn fún ìgbà mìíràn, kò ṣeé sè jẹ mọ́.

Ìyá Mòrẹ́, Abẹ́òkúta

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Fúláwà kéèkì, bọ́tà onípáálí, kúlà yìnyín, béékìn páúdà ṣíbí kan (ẹ̀gbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ foríjì mí). Mo fẹ́ di wọ́n ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kí n yan wọ́n ní òwúrọ̀ Ẹtì. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ààrò ti gbóná tó?

Alásè Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ tan ààrò sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ bu ṣíbí fúláwà kan sórí páànù, kí ẹ gbé e sí àárín rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Bó bá ṣì funfun, kò tíì gbóná. Bó bá dúdú, ẹ dín iná kù. Bó bá di àwọ̀ wúrà, ẹ gbé páì wọlé. Ìṣẹ́jú 30 sí 40 ni, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà pọ́n, ẹ gbé ọ̀kan sókè wò ó.

Bí ẹ bá dì wọ́n ní Ọjọ́bọ̀, inú fìrísà ló yẹ kí wọ́n sùn, kí ẹ sì yan wọ́n bí wọ́n ṣe dì yẹn, ẹ kàn fi ìṣẹ́jú 10 kún un. Bí kò bá sí iná lálẹ́, ẹ má di ẹran sí i rárá. Ẹ jẹ́ kí fúláwà nìkan sùn nínú kúlà, kí ẹran tí ẹ ti sè wà lórí yìnyín nínú abọ́ tó ní ìdérí, kí ẹ wá dì wọ́n ní ìdájí. Ọjọ́rú ni kí ẹ ti yan ẹyọ méjì wò, kí ẹ jẹ ọ̀kan ní gbígbóná, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Ẹ padà wá sọ fún wa bí ti ìrọ̀lẹ́ yẹn ṣe rí.