Ẹ̀yin tí dísìkì ẹ̀yìn ti dà láàmú rí, ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí látìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé, mo ní iṣẹ́ ló fà á, àfìgbà tí ìrora yẹn gba ìdí ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀ dé gìgísẹ̀. Tí mo bá wúkọ́ tàbí tí mo bá sín, á ta mí gìrì bí iná NEPA. Wọ́n ya MRI, àwòrán inú ara yẹn, wọ́n kọ L5-S1 síbẹ̀, dókítà ní dísìkì ló yọ, kí n lọ rí àwọn físíò tó ń fi ìdárayá tọ́jú èèyàn. Ìyá ọkọ mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Àbúrò mi ní kí n wá gba abẹ́rẹ́ ní kẹ́mísì ẹ̀gbẹ́ ilé wọn. Ẹ̀yin tó ti ṣe rí, kí lẹ ṣe tó fi lọ? Ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi.

Alàgbà Ṣakí
Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Kó jáwọ́ nínú ṣúgà àti mílíìkì.

Àdùkẹ́ Físíò
Ẹ dákun bàbá. Ihò ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí ń bá jà, òun ló ń wú níbẹ̀ tó ń yún èèyàn tó tún lè máa ṣẹ̀jẹ̀. Ó lè mú kí ìjókòó nira, àmọ́ kì í gba itan sọ̀ kalẹ̀ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ohun tí dókítà sọ fún Ìyá Ìbejì nìyí: eegun márùn-ún ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, L1 dé L5 ni wọ́n ń pè wọ́n, S1 ló tẹ̀ lé wọn nísàlẹ̀, dísìkì wà láàárín eegun kan sí èkejì, awọ yíyi ló yí i ká, ohun kíki tó rọ̀ ló wà nínú ẹ̀. Tí awọ yẹn bá ya, ohun inú á yọ síta, á lọ tẹ iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ló bà jẹ́ ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló ń ké. Èyí tó ń yọ jù ni ti L4-L5 àti L5-S1, torí ibẹ̀ ni ẹrù ara ń já sí.

Alàgbà Ṣakí
Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ẹ la ti ń mu àgbo ẹ̀yìn ríro, ara wa sì le koko.

Àdùkẹ́ Físíò
Mi ò bá yín jà sà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí dísìkì wọn yọ ni ara wọn máa ń yá láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 láìṣe iṣẹ́ abẹ, ara fúnra ẹ̀ ló máa ń gbé ohun tó yọ yẹn mì díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń mu àgbo lásìkò yẹn, àgbo náà ló máa kan sáárá sí.

Dírẹ́bà Ọ̀jọ́ọ̀
Ìyá Ìbejì ẹ kú ìrora, ohun tó ń ṣe yín yìí èmi mọ̀ ọ́n dáadáa, bọ́ọ̀sì Ìbàdàn sí Èkó ni mò ń wà láti ìgbà tí mo ti gba láísẹ́ǹsì, ẹ mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí kí wọ́n tó máa tún un ṣe, ihò lórí ihò, mọ́tò á máa gbọn èèyàn jìgìjìgì, tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ bá tún wá mú wa ní Kárà ẹ ò ní kúrò lórí ìjókòó títí oòrùn á fi wọ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é tó fi di ọjọ́ kan tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀ tí ẹsẹ̀ òsì mi ò gbọ́ tèmi mọ́, kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ló fà mí sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ dùbúlẹ̀. Ìyàwó mi ò jẹ́ kí n dìde rárá, oúnjẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo nǹkan lórí bẹ́ẹ̀dì, ìrora yẹn sì ń le sí i ni. Ìgbà tí físíò rí mi ó ní ta ló ní kí n sùn gbalaja tó báyẹn, ó ní kí n dìde kí n máa rìn yípo ilé, kí n sinmi, kí n tún rìn. Ó wá kọ́ mi ní èyí tí wọ́n ń dojú bolẹ̀ tí wọ́n á wá fọwọ́ ti àyà sókè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ omi bọ́ lójú mi. Nígbà tó yá ìrora tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sókè, ó dé orúnkún, ó dé ìdí, ó wá ku ẹ̀yìn nìkan, físíò ní bó ṣe yẹ kó máa lọ nìyẹn. Mo ti padà sídìí ọkọ̀ báyìí ṣùgbọ́n mo máa ń dúró ní Ṣàgámù kí n na ẹsẹ̀, èrò tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ yọ pọ́ọ̀sì kúrò lápò ẹ̀yìn ṣòkòtò yín kẹ́ ẹ tó jókòó, òun náà ń tẹ iṣan ìdí.

Sade_Ketu
Bọ̀dá dírẹ́bà ó jọ pé mo wà lára àwọn èrò tó bínú yẹn o 😂 ẹ má bínú sà, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yìn ni.

Àdùkẹ́ Físíò
Ìdárayá tí bọ̀dá ń sọ yẹn, ọ̀nà tí Robin McKenzie, físíò ọmọ New Zealand, gbé jáde ni. Ó dáa gan-an, àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló bá lára mu. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe é tí ìrora ń lọ sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ dípò kó máa fà sókè, ẹ dúró, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ yín.

Tólá Yábàá
Ìyá Ìbejì ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lọ gba abẹ́rẹ́ ní kẹ́mísì. Ẹ jọ̀ọ́. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹ̀yìn ló ń dùn ún tẹ́lẹ̀, ọmọ kẹ́mísì kan gún un ní diclofenac, oògùn ìrora, sídìí, lójú ẹsẹ̀ ló pariwo pé iná ń jó òun dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tílẹ̀ fi mọ́ iwájú ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé sókè mọ́. Dókítà ní abẹ́rẹ́ yẹn ló wọ iṣan ńlá tó gba ìdí kọjá. Ẹ̀yìn tó torí ẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ ti jìnnà báyìí, ẹsẹ̀ ò tíì jìnnà. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Rowe Park!

Sade_Ketu
Háà.

Ọmọ Ọ̀wọ̀
Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ aládùúgbò wa, ibà ló torí ẹ̀ gba tiẹ̀. Kí ló dé tí wọn kì í mú wọn?

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta
Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Ìdí kì í ṣe ibi tí wọ́n kàn ń gún abẹ́rẹ́ sí bó ṣe wù wọ́n. Tó bá pọn dandan kó jẹ́ ìdí, apá òkè lọ́wọ́ ìta ni, kì í ṣe àárín, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ ọ kò gbọ́dọ̀ gún un. Oògùn oníhóró tí wọ́n ń gbé mì wà, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Báyọ̀ Tẹlà
Ẹ tún sọ ti oníhóró náà dáadáa mà. Diclofenac làárọ̀ lálẹ́ ni mo ń lò, láìjẹun, mo tún ń fi àgbo tì í lẹ́yìn, ọgbẹ́ inú ló kó bá mi. Dókítà ní kíndìnrín ni ì bá kàn lẹ́yìn ìyẹn.

Kíà Leeds
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ìyà parí téèyàn bá ti dé ìlú ọba. Iṣẹ́ kíà, ìyẹn títọ́jú àwọn àgbàlagbà àti aláìsàn, ló ba ẹ̀yìn mi jẹ́. Màmá àgbàlagbà kan fẹ́ ṣubú, mo sáré dì í mú, mo wá yí ìbàdí bí mo ṣe ń gbé e, mo gbọ́ káú lẹ́yìn mi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn wà nílé yẹn o, ṣùgbọ́n èèyàn méjì ló yẹ kó máa lò ó, èmi nìkan ni wọ́n fi sí ṣíìfù lóru yẹn. Òfin wà fún un níbí tí wọ́n ṣe ní 1992, Manual Handling Operations Regulations, ó ní kí agbanisíṣẹ́ má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa fọwọ́ gbé ohun tó lè ṣe é léṣe tó bá ti ṣeé yẹra fún. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń ṣe kíà, tẹ́ ẹ bá fara pa ẹ kọ ọ́ sínú accident book, ìwé tí wọ́n ń kọ ìjàǹbá ibi iṣẹ́ sí, lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má bẹ̀rù pé wọ́n á gba físà yín.

GP, dókítà àdúgbò wa níbí, ò ya MRI fún mi, wọ́n ní físíò lákọ̀ọ́kọ́, inú bí mi gan-an. Ìgbà tó wá di pé iwájú ẹsẹ̀ mi ò gbé sókè mọ́, tí bàtà ń wọ́lẹ̀, ni wọ́n tó ṣe kíá. L4-L5. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, ojú ẹ̀ kò gùn rárá. Ìrora ẹsẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí mo jí. Ẹ̀yìn ṣì máa ń le gan láàárọ̀ ṣùgbọ́n mò ń rìn.

Ọmọ Ọ̀wọ̀
Èmi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀bẹ kan ọ̀pá ẹ̀yìn mi láéláé. Wọ́n á kàn rọ èèyàn lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ ni.

Kíà Leeds
Bọ̀dá, èmi tí wọ́n ṣe é fún ni mò ń sọ̀rọ̀ yìí.

Àdùkẹ́ Físíò
Ọwọ́ ò lè rọ nítorí iṣẹ́ abẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Okùn tó ti inú ọpọlọ wá gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn ti tán lókè, níbi L1 sí L2, àwọn iṣan ẹsẹ̀ ló kù níbi tí wọ́n ń gé. Ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sí iṣẹ́ abẹ tí ò ní tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ti MRI yẹn náà, wọ́n ti ya àwọn tí ẹ̀yìn ò dùn rárá wò: nínú àwọn ọmọ 20 ọdún, dísìkì ẹni bíi 30 nínú 100 ló ti wú síta, nínú àwọn ẹni 80 ọdún, ó tó 84. Àwòrán nìkan kọ́ la fi ń tọ́jú èèyàn.

Wòlíì Gbénga
Ọfà ni wọ́n ń ta lu àwọn èèyàn. Ẹ wá àdúrà.

Ọmọ Ọlọ́jà Ògùnpa
Wòlíì, a gbàdúrà o, a ò yé gbà á. Àǹtí mi tó ń ta iṣu, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ṣe wàhálà tipẹ́, ó gbé àpò iṣu kan lọ́jọ́ ọjà, ẹsẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Ọsibítù tí a kọ́kọ́ gbé e lọ fún un ní oògùn ìrora, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Lálẹ́ ó ní òun fẹ́ tọ̀, ìtọ̀ ò wá. Nígbà tó fẹ́ wẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé òun fọwọ́ kan ojú ara òun, ibi téèyàn fi ń jókòó lórí gàárì ẹṣin yẹn, gbogbo ẹ̀ ti kú. Ojú ń tì í, kò fẹ́ sọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Dókítà ọmọdé kan ní ọsibítù kejì ló bi í léèrè ìtọ̀ àti ìgbẹ́, bó ṣe gbọ́ ló sáré pe àwọn ọ̀gá ẹ̀, wọ́n gbé e wọ tíátà lóru yẹn. Ó pẹ́ tó fi ń lo rọ́bà ìtọ̀ ṣùgbọ́n ó ti kúrò, ó ń tọ̀ fúnra ẹ̀. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé a jẹ́ kó di ọ̀túnla ni, ì bá má padà mọ́.

Sade_Ketu
Mo ka èyí, mo pe màmá mi lórí fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wa rí.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta
Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ọ: ìtọ̀ tí ò wá, ìgbẹ́ tó ń jáde láìmọ̀, ojú ara tó kú, ẹsẹ̀ méjì tó ń rọ, ọsibítù ńlá lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ọ̀la.

Wòlíì Gbénga
Ọlọ́run á ṣàánú àǹtí. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ ọsibítù o.

Akínkúnmi
Kì í tún ṣe gbogbo ẹ̀yìn ríro ni dísìkì. Gbogbo wa ní dísìkì ló ń ṣe bàbá mi, bẹ́líìtì la rà, wọ́n ń wọ̀ ọ́, wọ́n ń rù. Òru gan-an ló ń dùn wọ́n jù, kódà tí wọ́n bá sùn jẹ́ẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA ló tú u fó, jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ló ti wọ eegun ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí àwọn bàbá yín ṣe é.

Àdùkẹ́ Físíò
Ẹ kú àmójútó wọn ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ lẹ sọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà máa ń wọ eegun ẹ̀yìn, a sì ń rí i níbí gan-an. Ẹ̀yìn ríro tó bá ibà, òógùn òru tàbí rírù rìn, ẹ má kàn máa fi Aboniki pa á.

Báyọ̀ Tẹlà
Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní kéèyàn máa sùn lórí sìmẹ́ǹtì.

Àdùkẹ́ Físíò
Rárá o. Fóòmù tí kò rọ̀ jù, tí kò sì le jù. Tẹ́ ẹ bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ fi pílò sáàárín orúnkún. Bẹ́líìtì náà, ẹ má sọ ọ́ di aṣọ. Ẹni tó ń mu sìgá, kó jáwọ́, sìgá ń gbẹ dísìkì.

Bàbá Kẹ́mi
Àwọn obìnrin gan-an ló ń fa ti ara wọn, ẹrù ọjà, ọmọ lẹ́yìn, bàtà gíga.

Tólá Yábàá
Ta lẹ fẹ́ kó pọn ọmọ náà? Ta ló ń pọn omi nílé yín sà?

Sade_Ketu
😂😂 ẹ dá wọn lóhùn Bàbá Kẹ́mi

Bàbá Kẹ́mi
Bọ́họ́ọ̀lù wà nílé mi.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta
Ó dáa, ta ló ń gbálẹ̀? Ìgbálẹ̀ ọwọ̀ kúkúrú yẹn, tí obìnrin ń bẹ̀rẹ̀ gbá gbogbo àgbàlá láti kékeré, ṣé ẹ rò pé ẹ̀yìn ò ka gbogbo ẹ̀ ni? Ẹ so ọ̀pá gígùn mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì, ẹ tẹ orúnkún, ẹ fà á mọ́ra, ẹ má yí ìbàdí tí ẹrù bá wà lọ́wọ́.

Bàbá Kẹ́mi
Ọ̀rọ̀ ọ̀pá yẹn mo gbà. Mo máa so ó lónìí.

Tólá Yábàá
Ẹ so ó, kẹ́ ẹ sì fi gbálẹ̀ o.