Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mi ò lè ta iṣẹ́ ọwọ́ mi

Olùbéèrè:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará gúrúùpù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn, mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún mọ́ ni. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ara mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo mọ iṣẹ́ mi dáadáa, àwọn tí mo ti ṣe é fún náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di pé kí n polówó tàbí kí n sọ pé iye tí mò ń gbà rèé, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo lè máa kọ pósítì kan láti àárọ̀ títí di alẹ́, màá kọ ọ́, màá pa á rẹ́, màá tún un kọ, nígbà tó bá yá màá kúkú lọ sùn. Wákàtí 24 ni wọ́n ní ká fi rí ohun téèyàn bá gbé sórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp, tèmi kì í lò tó ìṣẹ́jú 10 tí màá fi yọ ọ́ kúrò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọ̀rẹ́ mi kan. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ yìí o. Òun ti wá ní kọ́sítọ́mà débi pé ó ń wá ẹni tó máa bá a ṣe é, nítorí gbogbo ìgbà ló ń pariwo iṣẹ́ ẹ̀ káàkiri, mi ò sì rò pé ó mọ̀ ọ́n tó mi. Kì í ṣe ìlara, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Àwọn ẹbí mi náà, kò sí ìkankan nínú wọn tó bá mi pín pósítì mi rí, tó bá jẹ́ fídíò ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo wọn á ti pín in. Mo tún ra kọ́ọ̀sì kan nípa bí wọ́n ṣe ń tajà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n gbà pé mo lè ṣe é ni ẹni yẹn ń wí ṣáá. Fóònù mi náà tún ń kú lójijì.

Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é tí ojú kì í fi í tì yín? Ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́ sistá mi. Pósítì lójoojúmọ́ ni. Tójú bá ń tì ẹ́, gbé e síta, tójú ò bá tì ẹ́, gbé e síta. Ẹni tí ò bá rí ọjà ẹ kò lè rà á.

Ọ̀gá Wẹ́ẹ̀bù:
Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe gan-an? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín, ẹ dárúkọ fóònù tó ń kú, ẹ ò dárúkọ iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé báyìí ni pósítì yín náà ṣe máa ń rí, èèyàn ò ní mọ ohun tó fẹ́ rà lọ́wọ́ yín.

Olùbéèrè:
Ẹ má bínú sà. Àtúnṣe ìwé ni mò ń ṣe. Ẹni tó bá kọ ìwé tó sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra ẹ̀, màá bá a kà á, màá tún gírámà àti sípẹ́lì ẹ̀ ṣe, màá to ojú ewé ẹ̀ bó ṣe yẹ kó rí. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé ọjà ni mo gbé wá síbí ni mi ò ṣe dárúkọ ẹ̀.

Atúmọ̀ Èdè:
Àǹtí, ẹ tún ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ yìí kà. A wà níbi tá a ti fẹ́ gbọ́, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà yín láti dárúkọ ẹ̀. Èmi náà ti wà níbẹ̀ rí, mo gbà pé ẹni tó ń tajà ń tọrọ ni. Ọjọ́ tó yé mi, ọkùnrin kan ní ìwé àdéhùn tó fẹ́ kí n túmọ̀, ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà débi pé mi ò lókun láti polówó ara mi, mo kàn ń bi í léèrè: ta ló máa kà á, ìgbà wo lẹ fẹ́ lò ó, ṣé ẹnì kan ti túmọ̀ díẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló bà jẹ́ nínú tẹni yẹn. Bí ogójì ìṣẹ́jú la fi sọ̀rọ̀, òun ló fẹnu ara ẹ̀ bi mí pé èló ni, ọjọ́ wo ni mo lè bẹ̀rẹ̀. Látìgbà náà ìbéèrè ni mo máa ń fi ṣáájú. Ẹ bi òǹkọ̀wé pé ta ló kọ ìwé ẹ̀ fún, kí ló ń kọ ọ́ lóminú nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá sọ iye yín, ẹ dákẹ́. Ẹ má fi "tó bá pọ̀ jù a lè dín in kù" kún un. Mélòó ni mo ti fi gbólóhùn yẹn sọnù, kí onítọ̀hún tó sọ pé ó wọ́n rárá ni mo ti máa ń dín in fún un.

Ayàwòrán Lógò:
Dákẹ́ kẹ̀? Kí wọ́n kọ iye sórí pèèjì wọn kí gbogbo ayé rí i, ẹni tágbára ẹ̀ ò ká a á kọjá lọ. "Ẹ wá sí íńbọ́ọ̀sì" yẹn ló ń lé èèyàn lọ.

Ọ̀gá Wẹ́ẹ̀bù:
Lógò kọ́ ni ìwé. Ìwé ojú ewé 60 àti ìwé ojú ewé 400, ṣé iye kan náà lẹ fẹ́ kí wọ́n kọ síbẹ̀?

Ayàwòrán Lógò:
Mi ò sọ iye kan náà. Kí wọ́n kọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Wẹ́ẹ̀bù:
Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ yẹn náà ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹnì kan bá mi fa ọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3 gbáko, iye tó kéré jù tó rí lórí wẹ́ẹ̀bù mi ló fẹ́ san, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n á ti máa sanwó àti èdè méjì ló ní kí n fi sí i. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un.

Àdímíìnì:
Ẹ jọ̀ọ́, olùbéèrè ló ni ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn.

Ìyá Ìbejì:
Mo fẹ́ fi kún un. Brọ́díkáàsì WhatsApp, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo téèyàn fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn 256 ni lísìtì kan máa ń gbà, ẹni tí ò bá sì tíì tọ́jú nọ́ńbà ẹ sórí fóònù ẹ̀ kò ní rí i. Ọ̀pọ̀ ló rò pé àwọn èèyàn kórìíra àwọn, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ ò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́ ní kí wọ́n tọ́jú nọ́ńbà ẹ. Kó o sì máa pósítì lójoojúmọ́.

Bàbá Olùṣírò:
Ọmọ mi, èèyàn mélòó lo ti bá ṣiṣẹ́ látìgbà tó o ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé o ti padà lọ bá wọn? Ẹni tó ti sanwó fún ẹ rí tó sì jadùn iṣẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ ẹ̀ rọrùn ju ti ẹni tí ò mọ̀ ẹ́ rí lọ. Ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí nínú iṣẹ́ náà fún ẹ, kí wọ́n sì júwe ẹ fún òǹkọ̀wé kan.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Ìyá Ìbejì, mi ò mọ ti brọ́díkáàsì yẹn tẹ́lẹ̀. Atúmọ̀ Èdè, ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára, màá dán an wò. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé ọ̀rẹ́ mi yẹn ò yẹ kó fi kọ́sítọ́mà kan ránṣẹ́ sí mi ni?

Bàbá Olùṣírò:
O ò dáhùn ohun tí mo bi ẹ́. Mélòó?

Olùbéèrè:
Wọ́n jẹ́ 9 sà. Mo ti parí ti 8.

Ọ̀gá Wẹ́ẹ̀bù:
Ìkan tó kù ńkọ́?

Ayàwòrán Lógò:
Àbí òun ni kò sanwó? Àwọn kan wà bẹ́ẹ̀ o, wọ́n á gba fáìlì tán wọ́n á sá lọ.

Olùbéèrè:
Kò jẹ mí lówó. Mi ò fẹ́ sọ èyí níbí ṣùgbọ́n ẹ ti bi mí. Ó kọ ìwé nípa ìyá ẹ̀ tó ti kú, ojú ewé 140. Ojú ewé 5 àkọ́kọ́ ló fi hàn mí, ó mọ́ tónítóní, mo bá sọ iye mi, ó san ìdajì lójú ẹsẹ̀, kò tiẹ̀ ní kí n dín in. Nígbà tí mo wá dé àárín ẹ̀, ọ̀rọ̀ kò já geere mọ́, ibì kan á sọ pé ìyá náà wà láàyè, ibòmíì á sọ pé wọ́n ti sin ín, òun náà sunkún kọ ọ́ ni mo rò. Mo ti ṣe ojú ewé 40. Oṣù 2 la fi àdéhùn sí, ó ti di oṣù 5. Ó kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀kẹta mi ò ṣí i. Tí mo bá ti gbé pósítì sórí sítétọ́ọ̀sì, orúkọ ẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò lára àwọn tó ti rí i. Tí mo bá rí i, màá yọ ọ́.

Ìyá Ìbejì:
Háà. Mo gba ọ̀rọ̀ pósítì ojoojúmọ́ yẹn padà ná.

Ayàwòrán Lógò:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin lẹ ń ba àwa yòókù lórúkọ jẹ́. Mo ti sanwó fún ẹni tó ṣe báyìí fún mi rí, ó sì dákẹ́ lọ gbére. Owó ìdajì èèyàn wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá ń bi wá léèrè bẹ́ ẹ ṣe máa ta sí i.

Atúmọ̀ Èdè:
Ẹ rọra. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́, kò sẹ́ni tó mú un.

Bàbá Olùṣírò:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ Ayàwòrán, ohùn tó fi sọ ọ́ ló le. Ọmọ mi, ìpolówó kọ́ ló ń bà ẹ́ lẹ́rù. Ojú òǹkọ̀wé yẹn lò ń sá fún, gbogbo kọ́sítọ́mà tuntun sì ti dà bí òun lójú ẹ. Kọ̀wé sí i lónìí. Má ṣàlàyé fóònù tó ń kú. Sọ fún un pé o ti pẹ́, pé ẹ̀bi ẹ ni, pé 40 ti wà nílẹ̀, kó o wá fún un ní ọ̀nà méjì: ọjọ́ kan pàtó tó máa gba ìyókù, tàbí kó o dá owó ojú ewé tó ò tíì ṣe padà. Kó fúnra ẹ̀ mú èyí tó wù ú.

Ọ̀gá Wẹ́ẹ̀bù:
Ìyẹn ni. Fún ti ọjọ́ iwájú, ẹ má sọ iye lórí ojú ewé àkọ́kọ́ mọ́, ibẹ̀ ni gbogbo òǹkọ̀wé ti máa ń tún ṣe jù.

Atúmọ̀ Èdè:
Àárín ìwé ni kí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí yín, kẹ́ ẹ tún ojú ewé 2 tàbí 3 ṣe fún wọn, ẹ wo wákàtí tó gbà. Ẹ má fi iye ojú ewé díye lé iṣẹ́ náà, iye ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi díye lé e. Ọ̀rọ̀ 250 ni ọ̀pọ̀ olóòtú máa ń pè ní ojú ewé kan, ẹni tó fi lẹ́tà kéékèèké tẹ̀ ẹ́ lè kó ìlọ́po méjì ẹ̀ síbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa dá a padà fún àtúnṣe.

Olùbéèrè:
Mò ń sunkún bí mo ṣe ń kà á. Mi ò tiẹ̀ lè bínú sí Ayàwòrán. Owó yẹn kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, tó bá ní òun fẹ́ gbà á padà ńkọ́?

Bàbá Olùṣírò:
Sọ fún un pé wàá san án díẹ̀díẹ̀, kó o sì mú ọjọ́. Kọ ọ́ ná.

Olùbéèrè:
Mo ti fi ránṣẹ́. Ìlà 6 péré ni.

Olùbéèrè:
Ó ti fèsì. Ó ní òun ti ń bẹ̀rù pé bóyá nǹkan kan ti ṣe mí. Ó ní òun ò fẹ́ owó, ìwé ìyá òun lòun fẹ́, ṣùgbọ́n òun fẹ́ rí ohun tí mo ti ṣe kóun tó gbà mí gbọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ tún 40 yẹn kà dáadáa, kí n fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bàbá Olùṣírò:
Rárá o. Bó ṣe wà yẹn, fi ránṣẹ́ báyìí, jẹ́ kó rí Track Changes tó o ṣe nínú Word, ìyẹn àmì tó ń fi gbogbo ibi tó o tún ṣe hàn, má tẹ "Accept" sí ìkankan nínú ẹ̀, kóun fúnra ẹ̀ lè rí i. Kó o tó sùn.

Olùbéèrè:
Mo ti ṣí fáìlì ẹ̀ sà.